Bí ìbọn ṣakabùlà ṣe ń ta èjìká ẹni tó kọ́kọ́ yìn ín

Ní Kuje, Kwali àti Abaji, lágbègbè olú-ìlú Nàìjíríà, Abuja, ìbọn ṣakabùlà kò tíì kúrò lọ́wọ́ àwọn ọdẹ. Òfin ìbọn ọdún 1959 ní kí ẹni tó fẹ́ ní in kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ.

Bí ẹ̀tù bá ti gbiná, agbára tó ń ti ọta síwájú náà ló ń ti ìbọn sẹ́yìn. Bí ẹ̀tù àti ọta bá ṣe pọ̀ tó ni ìtapadà rẹ̀ yóò ṣe le tó. Nítorí náà, òṣùwọ̀n ni kí ẹ fi wọn ẹ̀tù, kì í ṣe ojú lásán.

Ẹ fi ìdí ìbọn mọ́ kòtò èjìká gbọin, kí ó má ṣe wà lórí eegun. Àlàfo díẹ̀ tó bá wà láàárín wọn ni ìbọn fi ń rí ààyè lu ni. Ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbọn alágbẹ̀dẹ tí ọ̀pá rẹ̀ ti sán lè bẹ́, kò sì sí ìdúró tó lè gbani lọ́wọ́ èyí.

Ìró ìbọn a máa kọjá 140 decibel, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì tó láti ba etí jẹ́. Ẹ di etí, ẹ fi awò bo ojú. Bí ìbọn bá kọ̀ tí kò dún, ẹ má ṣe yọjú wo ẹnu rẹ̀. Ẹ kọjú rẹ̀ sí ibi tí kò sí ènìyàn fún ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán.

Bí apá kò bá ṣeé gbé lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn ló kàn, kí wọ́n ya àwòrán eegun náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á.