Oògùn Òfìfo ní Abidjan àti Ìlànà Ìwádìí Ìṣègùn
Ní ọdún 1994, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Faransé fi hàn pé bí aboyún tó ní kòkòrò HIV bá lo oògùn AZT, ewu àkóràn fún ọmọ rẹ̀ yóò dín kù ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ṣùgbọ́n oògùn náà wọ́n, ìlò rẹ̀ sì gùn.

Ní 1996, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán ìlò kúkúrú wò ní Abidjan. Àwọn aboyún kan gba AZT. Àwọn yòókù gba oògùn òfìfo, èyí tó jọ oògùn lójú ṣùgbọ́n tí kò ní agbára ìwòsàn. Àwọn oníṣègùn kan fi ẹ̀hónú hàn ní 1997. Àwọn olùwádìí fèsì pé kò sí aboyún tó ń rí AZT gbà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àìrówóra kì í ṣe ìtọ́jú. Ní oṣù Kejì ọdún 1998, nígbà tí ìwádìí Thailand fi hàn pé ìlò kúkúrú ṣiṣẹ́, wọ́n dá oògùn òfìfo dúró.

Ní ọdún 2000, Ẹgbẹ́ Àwọn Oníṣègùn Àgbáyé tún Ìkéde Helsinki ti 1964 ṣe: ìtọ́jú tó dára jù lọ tó wà ni kí a fi ìtọ́jú tuntun wé. Ní 2002, wọ́n ṣàlàyé pé a lè lo oògùn òfìfo bí ìdí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tó lágbára bá wà. Àríyànjiyàn kò tíì tán lórí èyí.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ìwádìí, ẹ béèrè ohun tí àwọn tí kò gba oògùn náà yóò gbà, àti bóyá ẹ ó rí i lò lẹ́yìn ìwádìí. Ẹ lè yọwọ́ nígbàkígbà láìpàdánù ìtọ́jú yín.