Ìgò Omi Mélòó Ló Yẹ Kó Wà Lórí Kẹ̀kẹ́ Ironman?

Ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n ń gbé ní Manchester fi fọ́tò kẹ̀kẹ́ wọn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ìgò omi mẹ́rin ni wọ́n so mọ́ ọn: ọ̀kan níwájú láàárín apá, ọ̀kan lára irin àárín kẹ̀kẹ́, méjì lẹ́yìn ìjókòó. Wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ fún Ironman wọn àkọ́kọ́. Ìyẹn ni pé wọ́n á lúwẹ̀ẹ́ fún kìlómítà 3.8, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ fún 180, wọ́n á tún wá sáré 42.2.

“Ṣé eléyìí á tó?” ni wọ́n bi mí.

“Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe fẹ́ máa mu ún?”

“Lítà kan ààbọ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Mo á máa gba sí i lọ́nà. Omi ò ṣáà lọ́tàá.”

Àyà mi já. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Kí ni òógùn ń ṣe gan-an?

Bí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, ooru ló ń dá sílẹ̀. Òógùn ló ń gbé ooru náà jáde: tí lítà òógùn kan bá gbẹ lára, ó ń kó nǹkan bíi 580 kìlókálórì ooru lọ. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ gbẹ o. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti tutù fún ọ̀rinrin, bíi Kona ní Hawaii níbi tí ìdíje àgbáyé Ironman ti gbajúmọ̀, púpọ̀ nínú òógùn kàn ń kán sílẹ̀ lásán ni. Ara á wá máa tú òmíràn jáde.

Orí kẹ̀kẹ́ ló yẹ kéèyàn ti mu omi jù. Kò sí bó ṣe fẹ́ mu ún nínú odò, tó bá sì ń sáré, ikùn á máa mì.

Omi náà lè di ọ̀tá

Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wa ní ìwọ̀n: sodium rẹ̀ máa ń wà láàárín 135 sí 145 mmol nínú lítà kan. Tẹ́ ẹ bá mu omi ju òógùn tẹ́ ẹ là lọ, iyọ̀ yẹn á ṣàn. Ẹ má sọ pé ẹ máa tọ̀ ọ́ dànù, torí pé téèyàn bá ń ṣe eré ìdárayá tó le, hòmóònù kan máa ń sọ fún kíndìnrín pé kó di omi mú. Omi náà á wá wọnú àwọn sẹ́ẹ̀lì, ọpọlọ á wú, bẹ́ẹ̀ agbárí ò ní àyè tó lè fẹ̀ sí. Orí fífọ́, èébì, gìrì, ó tiẹ̀ lè já sí ikú.

Kì í ṣe àsọdùn. Níbi eré ìje Boston Marathon ọdún 2002, àwọn olùwádìí yẹ ẹ̀jẹ̀ sárésáré 488 wò nígbà tí wọ́n parí. 13% nínú wọn ni sodium wọn ti lọ sílẹ̀ jù, mẹ́ta sì wà nínú ewu gidi. Àwọn tó sanra sí i lójú ọ̀nà ló wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ rò ó wò: èèyàn sáré kìlómítà 42, ó wá tẹ̀wọ̀n sí i!

Ẹ wọn ara yín kẹ́ ẹ tó ra ìgò

Ẹ gun orí òṣùwọ̀n láìwọṣọ. Ẹ gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan nínú irú ooru tí ìdíje yín máa ní, ẹ nu òógùn kúrò, kẹ́ ẹ tún wọn ara yín. Kílò tó dín, ẹ fi lítà omi tẹ́ ẹ mu kún un. Òógùn wákàtí kan nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n ṣe é. Kílò 82 ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n, ó di 81.6 nígbà tí wọ́n dé, wọ́n sì ti mu ìdajì lítà. 0.4 pẹ̀lú 0.5 jẹ́ 0.9. Wọn ò tiẹ̀ la òógùn tó lítà kan, wọ́n wá fẹ́ máa mu lítà kan ààbọ̀! Kò sì pọn dandan kéèyàn dá gbogbo òógùn padà. Ara lè fara da kí ó dín díẹ̀. A fẹnu kò sí nǹkan bí 0.7 lítà ní wákàtí kan, ìyẹn ò tó pure water kan ààbọ̀.

Ó wá ku ìgò

Ìgò tó dùbúlẹ̀ láàárín apá ni mo fara mọ́ jù. Sítíróò rẹ̀ wà lẹ́nu yín, ẹ ò ní gbọ́wọ́ kúrò lórí kẹ̀kẹ́, ẹ sì lè rọ omi sínú rẹ̀ lórí ìrìn. Ẹ̀yìn ọwọ́ ló fara pamọ́ sí, kì í fi bẹ́ẹ̀ dènà atẹ́gùn, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú agbára ẹni tó ń sáré lórí ilẹ̀ títẹ́jú.

Ìgò irin àárín lẹ lè fi gbé omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Ti ẹ̀yìn ìjókòó ńkọ́? Ó wúlò tí ibi tí wọ́n ti ń pín omi bá jìnnà síra. Àmọ́ tí táyà bá kó sí kòtò, ó lè fò jáde, ẹ ò sì ní mọ̀ títí òùngbẹ á fi dé. Ẹ lọ dán an wò lójú ọ̀nà tí kò dáa kí ọjọ́ ìdíje tó pé. Ẹ rántí pé lítà kan, kílò kan ni.

Lánàá, fọ́tò míì tún wọlé. Ìgò méjì péré ló kù lórí kẹ̀kẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “O ṣeun, àbúrò. Ìyàwó mi ní kí n kí ẹ.”