Fọ́nrán tó di àwátì: Bí wọ́n ṣe ń wá àwọn olórin rọ́ọ̀kì káàkiri ilé tẹlifíṣọ̀n Ìlú Ọba

Ní ọjọ́ 3, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1973, ọ̀dọ́mọkùnrin olórin kan tó kun irun rẹ̀ ní pupa, David Bowie, kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ sítúdíò ilé iṣẹ́ BBC ní Lọ́ńdọ̀nù. Orin kan tó ń jẹ́ The Jean Genie ni wọ́n wá kọ fún ètò Top of the Pops. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́, tọmọdé tàgbà ìlú náà sì wò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé iṣẹ́ náà pa ohun tó wà lójú fọ́nrán náà rẹ́. Fún ọdún méjìdínlógójì gbáko, gbogbo ẹni tó fẹ́ràn Bowie ló gbà pé ó ti lọ nìyẹn.

Àṣé ẹnìkan gbé ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sílé. John Henshall wà lára àwọn tó di kámẹ́rà mú lọ́jọ́ náà. Ó ti ṣe awò kámẹ́rà kan fúnra rẹ̀, èyí tó máa ń mú kí àwòrán rí roboto bí ohun tí ẹja ń fi ojú rẹ̀ rí lábẹ́ omi, ó sì lò ó fún orin Bowie. Ó dùn mọ́ ọn nínú bí iṣẹ́ náà ṣe rí, ló bá ní kí wọ́n gba ẹ̀dà kan fún òun. Ó gbé e lọ sílé, kò sì mọ̀ pé òun nìkan ló ní irú rẹ̀ ní gbogbo ayé. Ọdún 2011 ni àṣírí tú. Wọ́n kọ́kọ́ fi han èrò níbi àpéjọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù nínú oṣù Ọ̀pẹ, BBC sì gbé e sáfẹ́fẹ́ nígbà tí Kérésìmesì kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́.

Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí àwọn tó ń wá fọ́nrán sùn lóru. Wọn kì í ṣe ọlọ́pàá, wọn kì í sì í ṣe babaláwo, àmọ́ iṣẹ́ wọn fi ara jọ ti àwọn méjèèjì.

Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lè béèrè pé ta ló lè gbádùn orin tán kó tún wá fọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ owó ni. Ọdún 1956 ni ilé iṣẹ́ Ampex ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán sórí téèpù jáde. Téèpù náà fẹ̀ ní íǹṣì méjì, ó wúwo, owó gọbọi sì ni wọ́n ń rà á. Ṣùgbọ́n ó ní àǹfààní kan: bí síléètì ọmọ iléèwé ló rí, èèyàn lè nu ohun tó wà lójú rẹ̀ kó tún kọ òmíràn sí i. Àwọn ọ̀gá ilé tẹlifíṣọ̀n sì ń nù ún. Ẹgbẹ́ àwọn olórin àti ti àwọn òṣèré tún ti bá wọn ṣe àdéhùn pé wọn kò gbọdọ̀ máa tún ètò kan náà gbé jáde bó ṣe wù wọ́n, kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Kò sí fídíò nínú ilé ẹnikẹ́ni nígbà náà tí wọ́n ìbá fi tà á fún. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ mèremère sì dé, ta ló tún fẹ́ wo dúdú àti funfun? Bí àgbẹ̀ tó se gbogbo àgbàdo rẹ̀ jẹ láìyọ irúgbìn sọ́tọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rí. Ọdún 1978 ni BBC tó yan obìnrin kan, Sue Malden, láti máa ṣà èyí tó yẹ ní pípamọ́ sọ́tọ̀.

Ètò Top of the Pops yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1964 nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọn ò lò mọ́ ní ìlú Manchester. Nínú nǹkan bí 500 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, nǹkan bí 20 péré ló ṣẹ́kù lódindi. Ẹgbẹ́ The Beatles alára, tí kò sí ẹni tí kò gbọ́ orúkọ wọn rí, kò rí ara gba níbẹ̀. Díẹ̀ nínú bí wọ́n ṣe kọ orin Ticket to Ride fún ètò náà lọ́dún 1965 ṣì wà títí dòní, àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó fà á: eré mìíràn ló yá a lò. Nínú Doctor Who, eré ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ń dá àwọn ọmọdé lára yá, àwọn akọni eré náà ń wo ẹ̀rọ kan tó ń fi ohun tó ti kọjá hàn, The Beatles ló sì jáde nínú ẹ̀rọ ọ̀hún. Eré ọmọdé ló gba orin àgbà là.

Ti BBC ṣì kéré sí ti àwọn ilé iṣẹ́ ẹkùn. Ètò tẹlifíṣọ̀n oníṣòwò, ìyẹn ITV, kò yàtọ̀ púpọ̀ sí bí tiwa ṣe rí nígbà tí WNTV wà ní Ìbàdàn, tí Enugu ní tiẹ̀, tí Kaduna náà sì ní tiẹ̀. Ẹkùn kọ̀ọ̀kan ló ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀. Granada ló ni ìhà àríwá ìwọ̀ oòrùn, Tyne Tees ló ni àríwá ìlà oòrùn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ṣe pín ìyókù. Nígbà tí ilé iṣẹ́ kan bá kógbá wọlé tàbí tí òmíràn bá rà á, àwọn fọ́nrán á tẹ̀ lé ẹrù lọ síbi tí ẹrù bá ń lọ. Àwọn kan kì í dé ibẹ̀.

Granada nìkan tó ìtàn sọ. Ní ọjọ́ 22, oṣù Ògún, ọdún 1962, wọ́n gbé kámẹ́rà lọ sínú ihò abẹ́ ilé kan tí wọ́n ń pè ní Cavern ní Liverpool, wọ́n sì ya The Beatles níbẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú kò tíì mọ̀ wọ́n. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni Ringo Starr tíì fi lù fún wọn gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́. Àwòrán yẹn ṣì wà. Fíìmù ni wọ́n fi yà á, a kì í sì í nu fíìmù bí a ti ń nu téèpù. Ti ẹgbẹ́ Sex Pistols tí wọ́n gbé jáde nínú ètò So It Goes lọ́dún 1976 náà wà. Ti Joy Division lọ́dún 1978, nínú ètò ìròyìn ẹkùn náà, kò sọnù.

Èyí tó ń dun àwọn olùwá jù ni ti Bowie kan náà. Ní ọjọ́ 21, oṣù Òkúdù, ọdún 1972, Granada gbé e jáde nínú ètò àwọn ọmọdé kan tó ń jẹ́ Lift Off with Ayshea, níbi tó ti kọ orin Starman. Ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ kan lẹ́yìn náà ni BBC tó gbé tiwọn jáde. Ti BBC yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó di olórin ńlá lẹ́yìn náà máa ń tọ́ka sí pé òun ló kó sí àwọn lórí. Ti BBC wà, gbogbo ayé ló ń wò ó. Ti Granada tó ṣáájú rẹ̀ ti lọ mọ́ ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wá a? Inú ìwé ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú àká. Ilé tẹlifíṣọ̀n a máa kọ ohun tí wọ́n gbé sáfẹ́fẹ́ lójúmọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú iye ìṣẹ́jú rẹ̀ àti orúkọ ẹni tó kọrin, torí owó tí wọ́n máa san. Ìwé ìròyìn TV Times náà ní ẹ̀dà fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan, ohun tí Newcastle ń wò lè má sí nínú ti Lọ́ńdọ̀nù. Bí olùwá bá ti mọ ọjọ́ tí ẹgbẹ́ olórin kan jáde, á wá béèrè ta ló di kámẹ́rà mú, ta ló jókòó ti ẹ̀rọ, ta ló ti fẹ̀yìn tì, ta ló ti kú, tí opó rẹ̀ sì ń gbèrò láti palẹ̀ àjà mọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, orúkọ tó wà lára páálí kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n lè kọ eré bọ́ọ̀lù sára rẹ̀, kó jẹ́ pé orin mẹ́ta ló wà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù náà tí ẹni tó nù ún kò nù dé.

Ìgbà mìíràn, kì í tilẹ̀ ṣe òṣìṣẹ́ ló gbé e pamọ́. Lọ́dún 1966, nígbà tí The Beatles wá kọrin ní Top of the Pops fúnra wọn, ẹbí kan ní Liverpool dojú kámẹ́rà kékeré wọn kọ tẹlifíṣọ̀n tó wà ní pálọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 11 ni wọ́n rí yà, kò sì ní ohùn. Ọ̀nà orílẹ̀-èdè Mexico ló gbà padà, láti ọwọ́ ẹnìkan tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ, ó sì dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn olùwá tó ń jẹ́ Kaleidoscope lọ́dún 2019. Ìṣẹ́jú àáyá 11, ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn sì gbé e.

Ilẹ̀ wa náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà náà, BBC a máa da ètò wọn kọ sórí fíìmù láti tà á fún àwọn ilé tẹlifíṣọ̀n òkè òkun. Bí ibì kan bá ti lò ó tán, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ibòmíràn, tàbí kí wọ́n dá a padà, tàbí kí wọ́n bà á jẹ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ṣe ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2013 ni wọ́n kéde pé Philip Morris, ọ̀kan nínú àwọn olùwá, ti rí Doctor Who 11 ní ilé tẹlifíṣọ̀n kan ní Jos, mẹ́sàn-án nínú wọn ló sì ti di àwátì ní Ìlú Ọba. Inú yàrá ẹrù ni wọ́n wà, eruku ti bò wọ́n. Eré ni, kì í ṣe orin rọ́ọ̀kì, àmọ́ láti ọjọ́ náà ni àwọn tó ń wá orin ti mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n bojú wo Áfíríkà.

Wíwá a rí kọ́ ni òpin wàhálà. Ẹ̀rọ tó lè ka téèpù oní-íǹṣì-méjì ti ṣọ̀wọ́n, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe sì ń dàgbà lọ. Téèpù mìíràn a máa lẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, tí wọ́n á fi máa kọ́kọ́ rọra yan án nínú ẹ̀rọ ooru kí ó tó ṣeé gbé sórí ẹ̀rọ, tí wọ́n á sì tètè da ohun tó wà lójú rẹ̀ kọ síbòmíràn. Fíìmù tó ń jẹrà a máa rùn bíi fínígà. Òórùn yìí ni àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà kọ́kọ́ ń gbọ́ tí wọ́n bá ṣí agolo, kódà kí wọ́n tó wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ilé tẹlifíṣọ̀n, olórin àti ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù á tún jókòó lórí ta ló ni ín.

Kì í ṣe ibi gbogbo ló rí bẹ́ẹ̀. Ní Jámánì, Radio Bremen, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní ẹkùn tirẹ̀, ṣe ètò orin Beat-Club láti 1965 títí di 1972, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wà títí dòní, tó fi mọ́ ti Jimi Hendrix tí wọ́n yà lọ́dún 1967.

Ní tiwa ńkọ́? WNTV ti ń ṣiṣẹ́ ní Agodi, Ìbàdàn, láti ọjọ́ 31, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1959. Ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè yìí náà gbé jìtá oníná kọ́rùn láyé ọjọ́un. Ẹgbẹ́ BLO, ìyẹn Berkley Jones, Laolu Akintobi àti Mike Odumosu, gbé rẹ́kọ́ọ̀dù wọn àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1973, ọdún kan náà tí Bowie wọ sítúdíò BBC. Àwọn ọmọ iléèwé St Gregory's ní Èkó tí wọ́n ń pè ní Ofege náà ń ṣe tiwọn. Ginger Baker, onílù òyìnbó, wá bá àwọn ará ibí ṣeré lọ́dún 1971, àwòrán ìrìn àjò náà sì wà títí dòní torí pé Tony Palmer fi fíìmù yà á. Fela wà nínú rẹ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn ọmọ ilé wa yìí ti di ohun tí òyìnbó ń rà lówó iyebíye. Ohun tí kámẹ́rà rí nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀, àwọn tó sì di kámẹ́rà náà mú nígbà náà ti di bàbá arúgbó.

Bí irú agolo tàbí téèpù fífẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí lókè àjà ẹnikẹ́ni, ìmọ̀ràn àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ni pé kí ó má sá a sóòrùn, kí ó má fi omi nù ún, kí ó má sì gbé e sórí ẹ̀rọ kankan láti dán an wò. Kí ó gbé téèpù dúró lóòró, kí ó sì fi agolo fíìmù lélẹ̀ ní pẹlẹbẹ, níbi tó tutù tó sì gbẹ, kí ó kọ orúkọ ẹni tó gbà á àti ọdún tó gbà á sórí bébà, kí ó fi sínú páálí rẹ̀, kí ó sì sọ fún àwọn ọmọ ilé ohun tó jẹ́ kí wọ́n tó gbá ilẹ̀ àjà.