Omi Ń Hó, Epo Ń Hó: Àìsàn Méjì tí Ooru Ń Fà sí Land Rover Àtijọ́

Àìsàn méjì ni ooru máa ń fà sára Land Rover Series III tó ń lo bẹntiróòlù, èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1971 sí 1985: ọ̀kan ni kí omi rẹ̀ máa hó lójú ọ̀nà, èkejì sì ni kí ó kọ̀ láti sítáàtì bí wọ́n bá pa á fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná. Ní ojú ọ̀nà oko Ìjàgbò àti Ọ̀ffà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí eruku pupa ń bo gbogbo nǹkan, ó rọrùn láti ka méjèèjì sí ọ̀kan, kí wọ́n sì pààrọ̀ rédíétọ̀ nígbà tó jẹ́ pé epo ló ní ìṣòro.

Omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára kì í lọ sí rédíétọ̀ àfi bí tàmósítáàtì, fáàfù kékeré tí ooru ń ṣí, bá ṣí ní nǹkan bí ìwọ̀n 82 Celsius. Ìdérí rédíétọ̀ ní tirẹ̀ a sì máa sé ìfúnpá mọ́ inú, kí omi má baà tètè hó ní ìwọ̀n 100. Bí rọ́bà abẹ́ ìdérí yìí bá ti le, ìfúnpá á jò dànù, omi á sì hó nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tí owó rẹ̀ kéré jù nìyí, òun sì ni àwọn ènìyàn máa ń yẹ̀ wò kẹ́yìn. Eruku àti irúgbìn koríko tún máa ń dí àlàfo ara rédíétọ̀ láti ìta, ìpẹtà sì ń dí i láti inú: bí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n fi ọwọ́ kan ojú rédíétọ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra, ibi tó tutù láàárín èyí tó gbóná ni omi kò gbà kọjá. Yíyọ tàmósítáàtì sọnù, tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì fẹ́ràn, kò la ibẹ̀. Ṣe ni ó ń bo àìsàn mọ́lẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì á sì máa jẹ epo jù láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́.

Ti ìkejì yàtọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, fáànù àti páǹpù omi dúró, ṣùgbọ́n ooru inú irin kò dúró. Ó ń gòkè lọ sí kábúrétọ̀, níbi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, tó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù èéfín. Níwọ̀n bí apá kan nínú bẹntiróòlù ti lè hó kí ó tó gbóná tó omi tó ń hó rárá, ó lè di oru nínú páìpù, kí páǹpù epo má sì rí nǹkan fà, tàbí kí ó hó dànù sínú ẹ́ńjìnnì, kí ó sì kún jù. Púlọ́ọ̀gì, tó ń ta iná sí epo, ló ń sọ èyí tó ṣẹlẹ̀: bí epo bá rin ín, tí ó sì ń rùn, kí wọ́n tẹ tọ́tù, ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ fún epo, mọ́lẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ léraléra, kí wọ́n sì sítáàtì; bí ó bá gbẹ, kí wọ́n fi aṣọ tútù bo páǹpù àti páìpù epo, bí ọkọ̀ bá sì jí, oru epo ni.

Ṣùgbọ́n bí iná kò bá ta rárá lẹ́nu púlọ́ọ̀gì, kọ́ìlì tàbí kọndẹ́ńsà, ẹ̀yà ètò iná ẹ́ńjìnnì, tó ń kú nígbà tó bá gbóná ni kí wọ́n fura sí, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀, nítorí bí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù tán, iná á tún máa ta bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe é.