Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Ìlà Àyẹ̀wò ní Pápákọ̀ Òfurufú Lásìkò Ọdún

Àyẹ̀wò ààbò, ìyẹn yíyẹ ara èrò àti ẹrù rẹ̀ wò kí ohun olóró má baà wọ ọkọ̀ òfurufú, ló máa ń fa ìlà gígùn ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, ní Èkó, nígbà Kérésìmesì, níbi tí ọ̀pọ̀ ará Akínyẹlé, Lágelú àti Ọ̀nà-Àrà ní Ìbàdàn tó ń lọ sí òkè-òkun ti ń wọkọ̀.

Láti ìgbà tí àwọn ọlọ́pàá ti tú àṣírí ète kan ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù Kẹjọ ọdún 2006, tí àwọn kan fẹ́ fi ohun olómi tó ń bú gbàmù fọ́ ọkọ̀ òfurufú, ni òfin ti dé ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú pé ohun olómi inú àpò àfọwọ́gbé kò gbọdọ̀ ju mìlílítà 100 lọ nínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Oyin àti epo pupa, ẹ̀bùn tí ará oko kì í fẹ́ fi sílẹ̀, wà lábẹ́ òfin yìí, nítorí náà inú ẹrù ńlá ló yẹ kí wọ́n wà, bí iléeṣẹ́ ọkọ̀ náà bá gbà á láyè. Ó ń dunni púpọ̀ pé lójú ìlà ni ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ti ń kọ́kọ́ gbọ́ òfin yìí, nígbà tí wọ́n bá ń gba ìgò oyin lọ́wọ́ wọn.

Kí àwọn ọmọ ṣàlàyé òfin náà fún òbí wọn nílé, kí arìnrìn-àjò sì ro ti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó mọ́ àkókò ìrìn-àjò rẹ̀, kí ó lè dé Ìkẹjà ní wákàtí mẹ́ta, ó kéré tán, kí ọkọ̀ tó gbéra.