Máàpù àti Afinimọ̀nà: Ìwé Ìlàlóye fún Ẹni Tó Fẹ́ Gun Òkè Tí Èrò Kì Í Pọ̀ Níbẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti gun òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì ń tẹ̀ lé e kò lè ṣìnà. Ṣùgbọ́n àpáta tí kò ní àtẹ̀gùn kankan pọ̀ lágbègbè Ìdànrè kan náà, wọ́n pọ̀ ní Èkìtì, ní Àkókó àti ní Òkè-Ògùn. Àwọn òkè bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Máàpù nìkan kò tó fún wọn, afinimọ̀nà nìkan kò sì tó. Ẹ fi ọ̀kan yẹ èkejì wò kí ẹ tó gbéra nílé.

Máàpù wo ló ṣeé gbára lé?

Máàpù tí ọ́fíìsì Surveyor-General of the Federation ní Àbújá ń tọ́jú ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Èyí tí wọ́n kọ 1:50,000 sí lára ló dára fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn: sẹ̀ǹtímítà kan lórí rẹ̀ jẹ́ 500 mítà lórí ilẹ̀. Ti 1:250,000 kò wúlò fún iṣẹ́ yìí, nítorí odidi òkè kan lè má ju èékánná lọ lórí rẹ̀.

Ẹ ó rí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí òkè ká. Ibi tí ìlà kan bá gbà, gíga kan náà ni gbogbo rẹ̀. Níbi tí àwọn ìlà ti fún mọ́ra wọn, òkè náà dúró ṣánṣán. Níbi tí wọ́n ti jìnnà síra, ó rọra ń gòkè ni. Ẹ wo etí ìwé náà kí ẹ mọ iye tó wà láàárín ìlà kan àti èkejì. Lórí ọ̀pọ̀ máàpù àtijọ́, ẹsẹ̀ bàtà 50 ni. Ìyẹn ni pé bèbè àpáta tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 40 lè fara pamọ́ sáàárín ìlà méjì, kí máàpù má sì fi hàn rárá. Ènìyàn tó já bọ́ láti irú gíga bẹ́ẹ̀ lè kú. Ẹ wo ọdún tí wọ́n ya máàpù náà pẹ̀lú. Àpáta kì í ṣípò, ṣùgbọ́n ọ̀nà oko ń di igbó, abà sì ń tú.

Ní ti fóònù, OpenStreetMap, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìlú Ọba lọ́dún 2004, ni OsmAnd àti Organic Maps ń lò. Ẹ lè gbà á sórí fóònù nílé, kí ẹ sì lò ó níbi tí kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń yà á, nítorí náà ọ̀nà kan lórí òkè wa lè jẹ́ iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ wo ìlà ọ̀nà náà dáadáa. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rìn máa ń yà sọ́tùn-ún sósì. Bí ìlà bá lọ gbọọrọ gba orí àpáta kọjá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó yà á kò dé ibẹ̀. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán sátẹ́láìtì, kí ẹ wo ibi tí igbó parí sí àti ibi tí àpáta ìhòòhò ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìlà gíga tí fóònù ń fi hàn wá láti inú ìwọ̀n tí ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan tó lọ sí gbalasa òfuurufú fi rédà wọ̀n lókè lọ́hùn-ún ní oṣù kejì ọdún 2000. Ìwọ̀n náà fo àlàfo bí 30 mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ibì kan àti òmíràn, nítorí náà àpáta tó dúró bí ògiri lè rí bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lórí fóònù.

Afinimọ̀nà gidi

Ilé baálẹ̀ tàbí ààfin ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí. Òkè ní onílé, ojúbọ sì ni òmíràn, bí Ọlọ́sunta ní Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n ń ṣọdún rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa sọ ọjọ́ tí àlejò kò gbọdọ̀ gùn, tí wọ́n á sì júwe ẹni tó mọ̀nà. Ọdẹ, àgbẹ̀ tàbí adẹ́mu tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá òkè yẹn gan-an ló sàn jù.

Ẹ má bi í pé, “Ṣé ẹ mọ̀nà?” Kò sẹ́ni tó máa ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ẹ bi í pé, “Bàbá, ìgbà wo lẹ gun òkè yìí gbẹ̀yìn? Kí la ó kọ́kọ́ rí? Kí ló tẹ̀ lé e?” Bí wọ́n ti ń ka odò, àpáta àti igi ńlá lẹ́sẹẹsẹ, kí ìka yín máa tẹ̀ lé e lórí máàpù. Níbi tí ọ̀rọ̀ wọn àti ìlà kò ti bára mu, ẹ dúró, ẹ tún bèèrè. Nígbà púpọ̀, àgbàlagbà náà ló tọ̀nà. Ẹ bèèrè ibi tí omi wà lọ́gbẹlẹ̀, àti ibi tí kò ṣeé gbà lójò. Ẹ sọ owó níṣojú ẹlòmíràn. Ẹ jọ ṣàdéhùn pé bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ padà, ẹ ó padà.

Ọjọ́ ìrìn

William Naismith ará Scotland sọ lọ́dún 1892 bí a ṣe ń ṣírò àkókò. Lónìí, a máa ń ka wákàtí kan fún kìlómítà márùn-ún, àti wákàtí kan sí i fún 600 mítà tí a bá gùn sókè. Oòrùn tiwa mú ju ti Scotland lọ: ẹ fi kún un, kí ẹ sì gbéra láfẹ̀mọ́jú.

Ojú dúdú gbọọrọ tó ṣàn wálẹ̀ lára àpáta jẹ́ ipa omi. Bí òjò bá kàn án, ó ń yọ̀. Bí ààrá bá ń sán, ẹ kúrò lórí ibi gíga. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má gé e, ẹ má fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu, ẹ má fi okùn dì í. Ẹ jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́, ẹ bọ́ òrùka ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbé e dé ilé ìwòsàn kíákíá. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì, ṣùgbọ́n ẹ má gbójú lé nẹ́tíwọ̀kì lórí òkè. Ẹ fi ẹ̀dà máàpù sílẹ̀ fún ẹnì kan nílé, kí ẹ kọ wákàtí tí ẹ ó padà sí i.

Bí ẹ bá rí àṣìṣe lórí OpenStreetMap, ẹ tún un ṣe nígbà tí ẹ bá dé. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ onílẹ̀ èyí tó ṣeé fi hàn fún gbogbo ayé, kí ẹ má sì ya ojúbọ wọn sí i láìgbàṣẹ.