Ìfẹ́ nìkan kò tó: Ohun tó yẹ kéèyàn mọ̀ kó tó gba fẹ́rẹ́ẹ̀tì sílé

Bí ọdẹ bá fẹ́ mú òkété nínú ihò, ohun tó máa ń ṣe kò ṣàjèjì sí ará oko. Yóò wá gbogbo ojú ihò tí ẹran náà lè gbà jáde, yóò dí wọn ku ẹyọ kan, yóò wá máa fín in ní èéfín, tàbí kó máa fi ọkọ́ wa ilẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi tẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní ọgbọ́n tiwọn fún ehoro tó ń jẹ irè oko wọn. Wọ́n á ta àwọ̀n bo ẹnu ihò, wọ́n á wá rán ẹranko kékeré kan wọnú ilẹ̀ lọ. Bí ehoro bá ti gbóòórùn rẹ̀, eré ni yóò bá jáde, inú àwọ̀n ni yóò sì bá ara rẹ̀. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì ni orúkọ ẹranko ọ̀hún.

Ara fẹ́rẹ́ẹ̀tì gùn gbọọrọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, imú rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Kò tóbi ju òkété lọ púpọ̀: akọ rẹ̀ lè wọ̀n tó kílò 1 sí 2, abo rẹ̀ kì í sábà ju ìdajì akọ lọ. Ó ti lé ní 2,000 ọdún tí àwọn ará Yúróòpù ti ń sìn ín. Ọ̀rọ̀ èdè Látìn tó túmọ̀ sí olè ni orúkọ rẹ̀ ti wá, orúkọ náà sì rò ó. Bó bá rí kọ́kọ́rọ́, ìbọ̀sẹ̀ tàbí ṣíbí nílẹ̀, yóò wọ́ ọ lọ sí ìdí àga tàbí abẹ́ ibùsùn, ibẹ̀ ni yóò sì kó gbogbo rẹ̀ jọ sí.

Kì í ṣe àwọn ọdẹ nìkan ló jàǹfààní rẹ̀. Lọ́dún 1933, nílùú London, àwọn onímọ̀ ìṣègùn mẹ́ta kan, Wilson Smith, Christopher Andrewes àti Patrick Laidlaw, mú omi tí ẹni tí ọ̀fìnkìn líle ń bá jà fi yọ ọ̀nà ọ̀fun, wọ́n sì kán an sí imú fẹ́rẹ́ẹ̀tì. Àwọn ẹranko náà bẹ̀rẹ̀ sí í sín, ara wọn gbóná, imú wọn ń dà. Ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà mọ kòkòrò tó ń fa àrùn influenza lára èèyàn. Títí di òní, fẹ́rẹ́ẹ̀tì wà lára àwọn ẹranko tí wọ́n fi ń ṣèwádìí abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn náà.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin ín nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà kì í ṣe ọdẹ mọ́. Inú ilé ni wọ́n ń sìn ín sí bí ológbò, wọ́n á máa bá a ṣeré. Ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Òmíràn lè wọ ihò ehoro lọ kí olówó rẹ̀ má rí i mọ́. Òmíràn lè gba ojú fèrèsé jáde. Àmọ́ àwọn kan wà tó jẹ́ pé olówó wọn ló mọ̀-ọ́n-mọ̀ lé wọn jáde, nítorí pé ọmọ tó sunkún kí wọ́n tó rà á ti rí ohun ìṣeré mìíràn, tàbí nítorí pé òórùn rẹ̀ gba inú yàrá, tàbí nítorí owó dókítà ẹranko tí wọn kò rò tẹ́lẹ̀.

Àwọn tí orí bá kó yọ nínú wọn ni wọ́n ń kó lọ sí ilé ààbò ẹranko. Ẹgbẹ́ RSPCA, tí wọ́n dá sílẹ̀ nílùú London lọ́dún 1824, wà lára àwọn tó ń gbà wọ́n. Àwọn ilé kéékèèké tún wà tó jẹ́ pé fẹ́rẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ń tọ́jú, púpọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé ọrẹ àtinúwá ni wọ́n fi ń ná an. Bí ẹranko bá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á fún un lóúnjẹ, dókítà á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì máa wá ẹni tí yóò gbà á.

ÌWÁDÌÍ KÍ WỌ́N TÓ GBÉ E LÉ ÈÈYÀN LỌ́WỌ́

Ẹni tó bá rò pé òun kàn máa wọlé, san owó, kí òun sì gbé fẹ́rẹ́ẹ̀tì lọ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí ẹbí ìyàwó bá ń wádìí ẹbí ọkọ. Wọ́n á fẹ́ mọ irú ilé tó ń gbé, bóyá onílé rẹ̀ gbà á láyè láti sin ẹranko, iye wákàtí tó ń lò nílé lójúmọ́, àti ọjọ́ orí àwọn ọmọ tó wà nílé. Wọ́n á bi í bóyá ó ń sin ehoro, ẹyẹ tàbí eku, nítorí oúnjẹ ni fẹ́rẹ́ẹ̀tì ka gbogbo ìwọ̀nyí sí. Ibòmíràn á rán èèyàn lọ wo ilé náà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Ọ̀pọ̀ ilé ààbò ni kì í fẹ́ fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní òmíràn nílé, nítorí fẹ́rẹ́ẹ̀tì fẹ́ràn ẹgbẹ́. Méjì tó bá ti mọ ara wọn ni wọ́n máa ń fẹ́ kéèyàn gbà pọ̀. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni náà kì í sábà tó ohun tí wọ́n ti ná sórí ẹranko ọ̀hún.

Àwọn kan máa ń bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí pé ó ti pọ̀ jù, pé ṣebí àánú ló ń ṣe àwọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tọ́jú ilé ààbò mọ ìdí tí wọ́n fi ń béèrè. Àìbéèrè ẹni tó kọ́kọ́ rà á ló gbé ẹranko náà dé ọ̀dọ̀ wọn.

OHUN TÍ KÒ HÀN SÓJÚ

Ẹran ni fẹ́rẹ́ẹ̀tì ń jẹ. Ìfun rẹ̀ kúrú, oúnjẹ kì í ju bíi wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lọ nínú rẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ máa jẹ díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán-tòru. Láyé àtijọ́, búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú mílíìkì ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń bọ́ ọ. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó mọ̀ pé irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ń ba ara rẹ̀ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ abo rẹ̀ ló gbẹgẹ́ jù. Bí ìgbà tó ń wá akọ bá dé, tí kò sì rí akọ, ara rẹ̀ kì í padà sípò bí ti àwọn ẹranko mìíràn. Èròjà tó ń ru ú sókè yóò máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, yóò sì ba mùdùnmúdùn eegun tó ń pèsè ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ á máa tán lára rẹ̀ títí yóò fi kú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún un tàbí kí dókítà fi oògùn sí abẹ́ awọ rẹ̀. Wọ́n máa ń tẹ akọ náà lọ́dàá, èyí sì máa ń dín òórùn rẹ̀ kù, àmọ́ kì í mú un kúrò pátápátá.

Bákan náà ni àrùn kan wà tó ń pa ajá, tí wọ́n ń pè ní distemper. Bó bá mú fẹ́rẹ́ẹ̀tì, ó ṣòro kó yè é, nítorí náà abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣe pàtàkì. Àrùn dìgbòlugi náà lè mú un. Ọ̀fìnkìn líle sì ń ran láti ara èèyàn sí i, ó tún lè ti ara rẹ̀ ran èèyàn. Ẹni tí imú rẹ̀ bá ń dà kò gbọ́dọ̀ gbé e mọ́ra.

Ìwà rẹ̀ náà ń fẹ́ sùúrù. Ó lè sùn tó wákàtí 14 sí 18 lójúmọ́, oorun rẹ̀ sì máa ń wúwo débi pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ á rò pé ó ti kú. Bó bá jí, yóò máa fò síwá sẹ́yìn, yóò tẹ ẹ̀yìn kọdọrọ, yóò sì máa dún bí adìyẹ. Ayọ̀ ló ń yọ, kì í ṣe ìjà. Ihò tí orí rẹ̀ bá ti lè wọ̀, gbogbo ara rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e, torí náà ẹni tó ń sìn ín gbọ́dọ̀ dí gbogbo àlàfo inú ilé. Èyí tí wọ́n ti fìyà jẹ rí lè máa buni jẹ nítorí ìbẹ̀rù. Lílù kò lè wò ó sàn, ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ni. A kò sì gbọ́dọ̀ fi òun àti ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ láìsí àgbà nítòsí.

IBI TÍ ÒFIN DÚRÓ SÍ

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, òfin ìtọ́jú ẹranko ọdún 2006 sọ ọ́ di dandan pé kí olówó ẹranko fún un ní oúnjẹ àti ibùgbé tó bá a mu, kó sì dáàbò bò ó lọ́wọ́ ìyà àti àìsàn. Òfin yìí kan náà kò gbà kí wọ́n ta ẹranko fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16.

Kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti ń gbà á láyè o. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ California àti Hawaii kò fọwọ́ sí i kí èèyàn máa sìn ín nílé. Ìlú New York fòfin dè é lọ́dún 1999. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìlera ìlú náà dìbò lórí rẹ̀ lọ́dún 2015, ìbò tí wọ́n lè fi gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà kò pé. Ní New Zealand, láàárín ọdún 1880 sí 1890 ni wọ́n kó fẹ́rẹ́ẹ̀tì lọ síbẹ̀ kí ó lè dín ehoro kù, àmọ́ ó kọjú sí àwọn ẹyẹ ilẹ̀ náà, pàápàá ẹyẹ kiwi tí kò lè fò. Lọ́dún 2002 ni wọ́n fòfin de títa rẹ̀ àti sísìn ín níbẹ̀.

Àwọn òbí tó ní ọmọ àti ọmọ-ọmọ nílùú òyìnbó lè gbọ́ lórí fóònù lọ́jọ́ kan pé àwọn ọmọ fẹ́ gba fẹ́rẹ́ẹ̀tì. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó yẹ kí wọ́n béèrè ẹni tí yóò máa fún un lóúnjẹ, ẹni tí yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, àti ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ tó ṣeé ṣe kó lò láyé. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbèrò àtigbé e wálé. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì kì í làágùn bí èèyàn, ooru tó bá ti tó ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius lè pa á, bẹ́ẹ̀ ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nílẹ̀ Yorùbá máa ń kọjá ìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ilé ààbò máa ń kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹni tó gba ẹranko ń fọwọ́ sí pé bí nǹkan bá yí padà, tí kò bá lè tọ́jú rẹ̀ mọ́, ọ̀dọ̀ wọn ni kó dá a padà sí. Wọn kì í fẹ́ kó ta á, wọn kì í sì í fẹ́ kó jù ú sínú igbó. Ẹni tó dá a padà kò ṣẹ̀ wọ́n rárá. Èyí tí wọ́n sọ nù sójú títì ló máa ń dùn wọ́n.